Ìdajì àti Ìdá Kan Nínú Mẹ́ta: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ìròpọ̀ Ìdá Kí Ó Yé Ọmọ

Ẹ kọ 1/2 + 1/3 sójú pátákó fún àwọn ọmọ Pírámárì 5, kí ẹ ka iye wọn tó máa kọ 2/5. Ní kíláàsì tèmi, ọdún dé, ọdún bọ̀, àwọn tó ń kọ ọ́ pọ̀ ju àwọn tí kò kọ ọ́ lọ. Ọmọ á ro 1 mọ́ 1, á ro 2 mọ́ 3, á sì fi ẹ̀rín gbé ìwé rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fi bírò pupa fa X sí i, tí mo ń ka òfin LCM (nọ́ńbà tó kéré jù tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ méjèèjì lè pín láìṣẹ́kù) fún wọn, tí wọ́n ń kà á tẹ̀ lé mi bí orin. Tí táàmù mìíràn bá wọlé, 2/5 tún ti dé.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ilé wa nìkan. Lọ́dún 1978, nínú ìdánwò kan tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún 13 fojú díwọ̀n 12/13 + 7/8, kí wọ́n mú èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú 1, 2, 19 àti 21. Ọmọ 24 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló mú 2. Àwọn tó mú 19 tàbí 21 ju ìdajì lọ. Ẹ wò ó ná: nínú ìdá méjèèjì, kò sí èyí tó tó odidi kan. Ibo ni 19 ti fẹ́ wá? Ẹni tó rí ìdá bíi nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi ìlà sí láàárín ló lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rí i bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé ò jẹ́ sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń fi kọ́ ọ báyìí. Ohun kan ṣoṣo tó le níbẹ̀ ni pé kí olùkọ́ má tètè sọ òfin. Ẹ jẹ́ kí 2/5 jókòó sáàárín kíláàsì, kí àwọn ọmọ yí i po, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tú u wò.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin ló ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pinnu iye yẹn, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ ìdá bá ní kí òun yan nọ́ńbà, kò ní rí èyí tó dára jù ú lọ: 48 ṣeé pín sí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, méjìlá, láìṣẹ́kù. Kò pọn dandan kí ẹ ní ọpọ́n. Ẹ sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kó mú òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò méjìlá wá láti ilé. Tí ọmọ mẹ́rin bá da tiwọn pọ̀, 48 ti pé nìyẹn. Bí ọmọ ọgọ́ta bá wà ní kíláàsì, ẹgbẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọn yóò jẹ́, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ẹ má lo ẹ̀pà. Mo lò ó nígbà àkọ́kọ́. A ka 48 dáadáa, mo yíjú sí pátákó láti kọ déètì, nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ẹgbẹ́ kan ní 43, ẹgbẹ́ kejì ní 39, ẹnu gbogbo wọn sì ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Ìṣirò ìyọkúrò la padà ṣe lọ́jọ́ náà.

Ohun kejì ni kíréètì ẹyin tó ti ṣófo, èyí tí wọ́n fi páálí ṣe. Àwọn tó ń ta tíì àti ẹyin díndín lẹ́bàá ọ̀nà máa ń dà á nù ni. Ihò 30 ló wà nínú ẹ, mẹ́fà ní gígùn, márùn-ún ní ìbú. Ọ̀kan fún ẹgbẹ́ méjì ti tó. Ọjọ́ kejì la máa lò ó.

Kí ẹ tó wọ kíláàsì, ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín pẹ̀lú òkúta, kí ẹ sì kọ gbogbo ìdáhùn tí ẹ rò pé ọmọ lè mú wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú nótù ẹ̀kọ́ yín. Lára àwọn tí mo ti gbà rí ni 2/5, 40, 40/48, 10/12, 5/6, 32 àti 2/6. Tí ìdáhùn kan bá bá yín lójijì níwájú ọmọ ọgọ́ta, ẹnu yín máa sáré sọ pé «rárá o», gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà á sì bà jẹ́. Ẹni tó ti ń retí rẹ̀ lè dákẹ́ wò ó.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa

Ọmọ ò tíì fọwọ́ kan òkúta tí èdè ti lè ṣì í lọ́nà. Nílé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á pín búrẹ́dì, àbúrò á ní, «Èmi ni kẹ́ ẹ fún ní ìdajì tó tóbi.» Lójú ọmọ yẹn, ìdajì ni èyíkéyìí nínú ohun tí a pín sí méjì, ì báà dọ́gba, ì báà má dọ́gba. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí èyí lọ́jọ́ kìíní. Ẹ gé bébà kan sí méjì tí ò dọ́gba, kí ẹ bi wọ́n bóyá ìdajì ni. Wọ́n á jà sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà títí wọ́n á fi gbà pé níbi ìṣirò, ọgbọọgba ni ìdajì.

Èkejì: ẹ yé sọ «ọ̀kan lórí mẹ́ta». Bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn, kò sọ ohun tó jẹ́. «Ìdá kan nínú mẹ́ta» ló sọ ọ́: a pín in sí mẹ́ta, a mú ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ pè é délẹ̀, nítorí tí ẹ bá gé e kúrú sí «ìdá mẹ́ta», àwọn kan á rò pé ipa mẹ́ta lẹ ní kí wọ́n mú.

Mo mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìṣirò, òun náà ni wọ́n á fi ṣe ìdánwò. Àmọ́ èdè tí ọmọ fi ń jà sí ìpín ẹran ni kó fi jà sí ìdá. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí ìṣirò wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ronú, kí wọ́n fi Yorùbá jiyàn, kí ẹ wá jọ kọ ohun tí ẹ rí lédè Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó bá ti yé wọn.

Àfikún kékeré kan: ẹ bi wọ́n ohun tí 48 ń jẹ́. Méjìdínláàádọ́ta ni, méjì dín nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀wá dín nínú ọgọ́ta. Ojú àwọn ọmọ máa ń là tí wọ́n bá rí i pé àwọn ti ń ṣe ìṣirò látìgbà tí àwọn ti mọ owó kà.

Ọjọ́ kìíní: ìbéèrè kan péré

Ẹ má kọ ìbéèrè mẹ́wàá. Ọ̀kan yìí ni kí ẹ kọ:

«Ọmọ ayò 48 wà nílẹ̀. Táíwò kó ìdajì rẹ̀. Kẹ́hìndé kó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo 48 náà. Ìdá mélòó nínú ọmọ ayò náà ni àwọn méjèèjì kó lápapọ̀?»

Ẹ má yọ «gbogbo 48 náà» kúrò. Tí kò bá sí níbẹ̀, àwọn kan á pín 24 tó ṣẹ́kù sọ́nà mẹ́ta, wọ́n á mú 8, wọ́n á sì sọ pé 32 ni. Wọn ò ṣì í. Ọ̀rọ̀ tiwa ni ò yanjú.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òkúta, ẹ bi wọ́n: ohun tí àwọn ìbejì yìí kó, ṣé ó ju ìdajì lọ ni, àbí kò tó ìdajì? Ìṣẹ́jú méjì, kẹ́kẹ́ pa, kí oníkálukú kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà kí wọ́n na ọwọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni yóò sọ pé ó ju ìdajì lọ: Táíwò nìkan ti kó ìdajì, Kẹ́hìndé sì fi kún un. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn gàdàgbà sí apá òkè pátákó: Ó JU ÌDAJÌ LỌ. Ẹ má pa á rẹ́ títí ọjọ́ kẹta. Òun ni yóò ṣe iṣẹ́ yín fún yín.

Wàyí o, kí bẹ́ńṣì iwájú yíjú sẹ́yìn, kí ọmọ mẹ́rin dojú kọra. Kò sí pé à ń gbé àga káàkiri. Ẹni kan á máa pín òkúta, ẹni kan á máa kọ ọ́, ẹni kẹta ló máa sọ̀rọ̀ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni kẹrin sì ni alátakò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa bi wọ́n léèrè pé «báwo lẹ ṣe mọ̀?» Mo máa ń fi ọmọ tó mọ̀wé jù nínú ẹgbẹ́ sípò alátakò. Tí ẹ bá fi sídìí ìkọ̀wé, òun nìkan á ṣe é tán, àwọn mẹ́ta tó kù á máa wo ẹ̀fọn lára ògiri.

Iṣẹ́ olùkọ́ lásìkò yìí ni kó máa rìn kiri. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ lórí tábìlì, màá káwọ́ sẹ́yìn, torí ọwọ́ mi yá jù láti bá ọmọ ṣe é. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo gbà láyè láti sọ: «Fi hàn mí.» «Báwo lo ṣe mọ̀?» «Ṣé ẹnìkejì rẹ gbà?» Ẹ má mi orí, ẹ má rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ má fajú ro. Àwọn ọmọ ilé wa mọ ojú àgbà wò. Tí ojú yín bá ti sọ ìdáhùn, wọn ò ní wo òkúta mọ́, ojú yín ni wọ́n á máa kà.

Ẹgbẹ́ kan á kọ 40, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n: «40 nínú kí ni?» Ìbéèrè yẹn ti tó, ẹ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ kan á ti pín òkúta tán, wọ́n á rí 40, síbẹ̀ ẹni tó ń kọ̀wé á kọ 2/5 torí pé bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ṣe sọ. Ẹ fi í sílẹ̀. Kìkì kí ẹ rántí ẹgbẹ́ tó jẹ́.

Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kù, ẹ gba ìdáhùn wọn sójú pátákó láìdárúkọ ẹni tó ni ín, láìsọ èyí tó tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé iyàn náà lọ sílé.

Ọjọ́ kejì: a dojú kọ 2/5

Ẹ pín kíréètì. Ihò 30. «Ẹ fi ìdérí sí ìdajì ihò.» Wọ́n á kún ìlà mẹ́ta nínú mẹ́fà, 15. «Ẹ tún fi ìdérí sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo 30.» Ìlà méjì, 10. «Ìlà mélòó nínú mélòó ló ti kún?» Ìlà márùn-ún nínú mẹ́fà. Ó hàn gbangba níwájú wọn, kò sí ìyàwòrán tó jù ú lọ: 25 nínú 30, ìlà márùn-ún nínú mẹ́fà, 5/6. Ẹgbẹ́ tó ní ọpọ́n ayò gidi á sọ pé ihò mẹ́fà àti ihò mẹ́rin, mẹ́wàá nínú méjìlá. Ẹgbẹ́ kejì á ní 40 nínú 48. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan: 25/30, 40/48, 10/12, 5/6. Ẹ béèrè bóyá nǹkan kan náà ni. Ohun tó ṣẹ́kù nílẹ̀ ló sábà máa ń parí ẹjọ́ yìí: ihò 5 nínú 30, òkúta 8 nínú 48, ihò 2 nínú 12. Nínú gbogbo rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́fà ló ṣẹ́kù.

Nísinsìnyí, ẹ nawọ́ sí 2/5. «Ẹ kó ìdérí kúrò. Ẹ fi 2/5 hàn mí nínú kíréètì yìí.» Wọ́n á yí kíréètì sí ẹ̀gbẹ́, ìlà márùn-ún, wọ́n á kún méjì: 12. Ẹ dákẹ́. Ẹ wulẹ̀ fi ìka tọ́ka sí ohun tó wà lókè pátákó láti àná: Ó JU ÌDAJÌ LỌ. Ìdajì kíréètì jẹ́ 15. Ẹni tó ti ní 15, tó gba 10 mọ́ ọn, ṣé 12 ló yẹ kó ní lọ́wọ́? Ariwo tó máa ń sọ nígbà yẹn, olùkọ́ tó wà ní yàrá kejì máa ń yọjú lójú fèrèsé.

Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ yẹn. Ọmọbìnrin kan ló là mí lójú. Ó na ọwọ́, ó ní, «Ṣùgbọ́n tíṣà, nínú ìwé mákì yín, mo gba 7/10 nínú tẹ́ẹ̀sì kìíní, mo gba 12/20 nínú èkejì, ẹ sì ro ó pọ̀, ẹ kọ 19/30. Ẹ ro òkè mọ́ òkè, ẹ ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀.»

Mi ò rí nǹkan sọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ, èmi ni mo sì kọ ọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fa X sí 2/5, ọwọ́ mi kan náà ló ń kọ́ wọn ní i lójú ìwé mákì.

Ẹ má sá fún ìbéèrè yìí. Tí ọmọ kankan ò bá béèrè rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: ọ̀rá méjì. Nínú ọ̀kan, ìdérí méjì, tí ọ̀kan jẹ́ pupa. Nínú èkejì, ìdérí mẹ́ta, tí ọ̀kan jẹ́ pupa. Mo da ọ̀rá méjèèjì pọ̀ sórí tábìlì: ìdérí márùn-ún, méjì pupa. 2/5, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo wá gbé kíréètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bi wọ́n ohun tó fi yàtọ̀. Ó máa ń gba àkókò. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i lọ́dún tó kọjá sọ ọ́ báyìí: «Ọ̀rá jẹ́ méjì, kíréètì jẹ́ ọ̀kan.» Ó ti tán. Níbi mákì, tẹ́ẹ̀sì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la dà pọ̀, odidi náà wú láti 10 àti 20 di 30. Níbi ọmọ ayò, abọ́ kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé ti ń bù ú. Abọ́ ò tóbi sí i nítorí pé èèyàn méjì ló bu nínú rẹ̀.

Látọjọ́ yẹn, ìbéèrè tí kíláàsì mi ń bi ara wọn kí wọ́n tó ro ìdá èyíkéyìí ni: «Kí ni odidi rẹ̀?» Mo tún ti yé kọ mákì bí ìdá. «19 nínú 30» ni mo ń kọ báyìí.

Ọjọ́ kẹta: iye òkúta tó kéré jù

Ẹ wá bi wọ́n: «Tó bá jẹ́ pé òkúta 10 ni a ní ńkọ́?» Ìdajì á yá, 5. Ìdá kan nínú mẹ́ta ò ní yá. «9?» Ìdá kan nínú mẹ́ta á yá, ìdajì ò ní yá. «Ó dáa, ẹ wá gbogbo iye òkúta tó máa jẹ́ kí méjèèjì yá.» Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn, láìtò ó: 48, 30, 12, 6, 24, 18, 42, 36. Àwọn fúnra wọn á sọ pé kí ẹ tò ó. Tí ẹ bá ti tò ó tán, wọ́n á rí i pé mẹ́fà mẹ́fà ló ń lé, àti pé 6 ló kéré jù: ìdajì rẹ̀ 3, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ 2, àpapọ̀ 5 nínú 6.

Ẹ gbé 1/4 + 1/6 sílẹ̀. Àwọn kan á mú òkúta 24 torí pé 4 lọ́nà 6 jẹ́ 24: 6 àti 4, 10/24. Àwọn kan á mú 12: 3 àti 2, 5/12. Ẹ má sọ fún ti 24 pé wọ́n kùnà, wọn ò kùnà. Òkúta wọn kàn pọ̀ ju tẹnìkejì lọ ni. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó mú ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ kọ LCM sójú pátákó, kí ẹ sọ pé: ohun tí ẹ ti ń wá láti àárọ̀, orúkọ rẹ̀ nìyí. Òfin tí mo ń fi táàmù odindi kà sí wọn létí tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, lọ́rọ̀ ẹnu ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni 1/2 + 2/3. Wọ́n á ka òkúta 6, wọ́n á kó 3, wọ́n á fẹ́ kó 4, wọ́n á pariwo pé òkúta ò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yá 6 mìíràn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. 7/6 nìyẹn, odidi kan àti ìdá kan nínú mẹ́fà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n há ohunkóhun sórí.

Òkúta ní àléébù kan: ọmọ lè rò pé ohun tó ṣeé kà nìkan ló ní ìdá. Ẹ fi bébà tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ parí rẹ̀. Kíká a sí méjì ò le. Fún mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n ká a bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ ki lẹ́tà bọ inú àpò rẹ̀, kí wọ́n máa sún un títí etí rẹ̀ á fi bá ìkáká mu, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá, ariwo àti síìmù (ètò iṣẹ́ táàmù)

Àwọn kan tó fẹ́ràn irú ẹ̀kọ́ yìí máa ń sọ pé ká má fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetúnṣe mọ́. Mi ò sí lára wọn. Ọmọ tó rí i lónìí tí kò ṣe é lọ́la, á gbàgbé rẹ̀ lọ́tùn-únla. Ìṣirò márùn-ún ni mo ń fún wọn, mẹ́rin jẹ́ bó ṣe máa ń rí, ìkarùn-ún máa ń jẹ́ irú èyí: «Bọ́lá sọ pé 1/3 + 1/4 = 2/7. Kọ lẹ́tà sí Bọ́lá.» Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú èyí tí mo ti gbà ni: «Bọ́lá, ìwọ ti ní 1/3 lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n tún fún ẹ sí i, tìẹ wá dín kù. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.»

Ariwo á wà. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé ṣáájú, kí ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ó má bàa gbé pàṣán wọlé. Èyí tó dára jù ni kí ẹ ní kí òun tàbí olùkọ́ kan wá jókòó sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Japan, ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀kan á kọ́ ọmọ, àwọn yòókù á máa kọ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, lẹ́yìn ilé-ìwé wọ́n á jókòó yẹ ẹ̀kọ́ náà wò. Ẹni tó wà lẹ́yìn máa ń rí ọmọ tó fi orí pamọ́ lábẹ́ bẹ́ńṣì tí ẹ̀yin ò rí.

Ní ti síìmù, òótọ́ ni pé ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ fún orí-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ pé kí ẹ fi ọjọ́ kan ṣe. Láti ibi ìyọkúrò ìdá ni mo ti ń gba ọjọ́ méjì padà, torí ogójì ìṣẹ́jú péré ló ń gbà wọ́n lẹ́yìn èyí. Òbí tó bá wá bínú pé ìwé ọmọ òun ṣófo fún ọjọ́ méjì, ẹ fún un ní òkúta 48, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ 12/13 + 7/8 sójú pátákó pẹ̀lú 1, 2, 19 àti 21. Kò sí òkúta, kò sí bírò. Ẹ máa ka ìdáhùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú na ọwọ́ sí èyí tó mú. Ẹ wo àwọn tó mú 2, kí ẹ sì bi ẹnikẹ́ni tí kò bá mú 2 pé kí ni odidi rẹ̀.

Ẹ kó àwọn ìdérí ìgò padà sínú ọ̀rá, kí ẹ kà wọ́n kí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pé 48. Tí ẹ bá dé orí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ní táàmù tó ń bọ̀, 48 ò ní wúlò fún yín, ọgọ́rùn-ún gan-an lẹ máa nílò fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tètè bẹ oníbíà tó wà nítòsí kó máa bá yín tọ́jú ìdérí.